Omi sọ pé 16, ìwé sọ pé 35: bí ọjọ́ fíìlìdì wọ́ọ̀kì kan ṣe lọ ní Tarkwa Bay

Nọ́mbà kan péré ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ SS2 kan tẹ̀lé síkúù ẹ̀ lọ ṣe fíìlìdì wọ́ọ̀kì bayólójì ní Tarkwa Bay ní Sátidé kan nínú oṣù October, ó wọn iyọ̀ tó wà nínú omi, ó rí 16, ìyẹn gíráàmù iyọ̀ 16 nínú kílò omi kan, tíṣà ẹ̀ ní kó pa á rẹ́ kó kọ 35 torí 35 ló wà nínú tẹ́kísíbúùkù, ọmọ ní òun ò ní pa á rẹ́. Ó tán. Láti ìgbà yẹn títí tá a fi padà dé jẹ́tì nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ 16 àti 35 yìí la ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́. Èmi ni mo kó irinṣẹ́ lọ fún wọn, iṣẹ́ mi nìyẹn, mo máa ń bá àwọn síkúù ṣe é, torí ẹ̀ ojú mi ló ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò ní dárúkọ síkúù, mi ò sì ní dárúkọ ọmọ tàbí tíṣà, kì í ṣe torí àtibú ẹnikẹ́ni ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ibẹ̀ díẹ̀ fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Títì ò dé Tarkwa Bay, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé èèyàn débẹ̀, ó wà lẹ́nu ibi tí ọ̀sà Èkó ti ń tú sínú òkun gan-an. Láyé àtijọ́, iyanrìn máa ń dí ẹnu ọ̀nà yẹn, ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé fàlàlà, ìyẹn ló jẹ́ kí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta ràgàjì ràgàjì dà sínú omi láti 1908, tí wọ́n fi to ògiri wọ inú òkun lọ lọ́tùn-ún àti lósì. Mole ni wọ́n ń pè é, East Mole wà lápá Victoria Island, West Mole wà lápá Tarkwa Bay. Ọkọ̀ rọ́nà wọlé lóòótọ́, àmọ́ iyanrìn tí ìgbì máa ń gbé láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn wá há sẹ́yìn West Mole, ni Lighthouse Beach bá ń fẹ̀ sí i, Bar Beach tó wà lódìkejì wá ń tán lọ, omi ń jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ló bá a títí tí wọ́n fi wá kó iyanrìn dà síbẹ̀ kọ́ Eko Atlantic. Ìyẹn ọ̀rọ̀ míì. Èyí tó kan àwa oníbayólójì ni pé etíkun wa níhìn-ín, láti Badagry títí lọ dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, kò sí àpáta tí nǹkan lè lẹ̀ mọ́. Òkúta tí wọ́n kó dà torí ọkọ̀ ló wá di ilé fún gbogbo ohun abẹ̀mí tó jẹ́ pé ara òkúta nìkan ló lè gbé. Tó o bá fẹ́ fi wọ́n han ọmọ síkúù l'Ékòó, ibẹ̀ lo máa lọ.

Bọ́ọ̀tù méjì la wọ̀, láìfù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn oníkálukú, àwọn kan ti ń bì kí á tó kúrò lójú jẹ́tì dáadáa, àwọn kan ń ṣe fídíò, kúlà ìrẹsì wà lábẹ́ ìjókòó. Èmi ni mo mú ọjọ́ yẹn fún wọn torí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, omi máa ń fà gan-an nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tó bá yọ tán, òkúta á sì yọ síta dáadáa. Ti Èkó ò pọ̀ ṣá, bíi mítà kan ni ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà, àmọ́ ó tó iṣẹ́ ṣe. Nǹkan bíi aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ló yẹ kí omi fà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, a ti débẹ̀ ṣáájú.

Tí omi bá ti fà báyìí, wàá rí i pé ara òkúta pín sí ìlà ìlà bí aṣọ òfì. Lókè pátápátá, níbi tó jẹ́ pé ìgbì á kàn fọ́n omi sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, ìgbín wẹ́wẹ́ kan ló wà níbẹ̀ tí ò tó èékánná ọmọńdinrín, inú ihò òkúta ni wọ́n há ara wọn sí, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí oòrùn má bàa gbẹ wọ́n. Nísàlẹ̀ wọn ni barnacle bẹ̀rẹ̀, ohun abẹ̀mí kékeré oníkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta, funfun funfun, ó mú wọni lẹ́sẹ̀ débi pé tó o bá fi ṣílípáàsì rìn lórí ẹ̀ tó o yọ̀, wàá ṣẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn tiwọn ló kan limpet, ìgbín tí karahun ẹ̀ rí bí àkẹtẹ̀, àti mussel tó ní karahun méjì, nísàlẹ̀ pátá ni ewé òkun tó ń yọ̀. Ohun tó máa ń pinnu ibi tí oníkálukú dúró sí ni iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Lókè, ooru àti gbígbẹ ló máa ń lé wọn padà. Nísàlẹ̀, ẹnìkejì ló máa ń lé wọn, àwọn tó ń jẹ wọ́n àti àwọn tó ń bá wọn du àyè. Onímọ̀ bayólójì kan, Joseph Connell, ló fi hàn lórí àpáta kan ní Scotland, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1961, ó yọ oríṣi barnacle kan kúrò lára òkúta, ni èkejì bá sọ̀ kalẹ̀ wá gba ibẹ̀, àṣé kì í ṣe pé kò lè gbé ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń tì í jáde ni.

A pín àwọn ọmọ sí gúrúùpù. Gúrúùpù kọ̀ọ̀kan ní quadrat kan, wáyà tá a ká ní igun mẹ́rin, séntímítà 25 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e lélẹ̀, ẹ ka ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ kọ ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún gbé e lélẹ̀. Iṣẹ́ tó máa ń sú ọmọ kíákíá ni. Ọmọ tí mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ó tẹ́ láìlọ́ǹ sórí òkúta, ó dọ̀bálẹ̀, imú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan barnacle.

"Ańtí, ṣé ẹ̀mí wà nínú nǹkan yìí báyìí?"

Mo ní ẹ̀mí wà ńbẹ̀, ìbátan akàn àti edé ni, ìgbà tó wà lọ́mọdé ló ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, ìgbà tó wá rí òkúta tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ló fi orí ara ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ó kọ́lé yí ara ẹ̀ ká, láti ọjọ́ náà ẹsẹ̀ ló fi ń gbọ́n oúnjẹ sẹ́nu. Mo sọ fún un pé Charles Darwin fúnra ẹ̀ fi ọdún mẹ́jọ gbáko, láti 1846 sí 1854, wo barnacle nìkan.

"Ó fi orí dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ jẹun!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ń pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Kò sí nǹkan tó ṣeé wò ṣá, torí tí kò bá sí lábẹ́ omi, ńṣe ló máa pa ilẹ̀kùn dé.

Gúrúùpù tiẹ̀ ló kàn láti wọn omi. Refractometer la fi ń wọn iyọ̀, wàá kán omi díẹ̀ sórí gíláàsì ẹ̀, wàá dé e, wàá gbé e sójú kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ibi tí àwọ̀ búlúù ti pín pẹ̀lú funfun ni wàá kà. Omi ẹ̀gbẹ́ òkúta ló bù, apá inú lọ́hùn-ún tó kọjú sí ọ̀nà ọkọ̀. 16. Ó nu ún, ó tún bù. 16. Ó gbé e fún ọmọkùnrin kan nínú gúrúùpù ẹ̀, ìyẹn náà ní 16. Ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Tíṣà ń lọ ń bọ̀, ó yọjú wo ìwé, ó dúró.

"Kí lèyí? 35 ni omi òkun. Ọmọ JS gan-an mọ̀ ọ́n. Pa á rẹ́."

"Sà, ohun tó gbé wá nìyẹn."

"Irinṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wò ó fúnra yín."

Ó gbà á, ó gbé e sójú, ó wò ó tìtì, ó gbé e kalẹ̀. "Ẹ̀hẹ́n, ṣé ìwọ náà rí i pé ó ti bàjẹ́?"

Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí nínú àmọ́ mi ò rín in síta, irinṣẹ́ mi ni wọ́n kúkú ń pè ní bàjẹ́. Ọmọ yẹn ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó kúnlẹ̀ o, kò gbójú sókè sí tíṣà, ohùn ẹ̀ ò sì le, ó kàn ní, "Sà, ẹ má bínú, tó bá jẹ́ 35 náà la máa kọ, a ò bá ti kọ ọ́ ní kíláàsì, kí ni mo bá omi wá dé ibí fún?" Àwọn tó kù bá hó yèè. Ojú tíṣà yí padà. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ mú. Kọ 35, kí o sì sáré ka barnacle tó gbé ẹ wá."

Mo bá dá sí i. Mi ò lè dá tíṣà lẹ́jọ́ lójú ọmọ síkúù, kò dáa, àmọ́ mo lè sọ̀rọ̀ nípa irinṣẹ́ mi. Mo ní sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó bàjẹ́ lóòótọ́, ẹ bá mi já píọ́ wọ́tà kan. Omi inú náílọ́nù ò ní iyọ̀ kankan tó jọjú, tá a bá kán an sí i, orí òdo ló yẹ kó wà. A kán an sí i. Òdo ni, ìlà yẹn dúró lórí ẹ̀ gbọnin. Tíṣà wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní, "Kí ló wá fà á nígbà náà?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì gbà pé láti ibẹ̀ ni fíìlìdì wọ́ọ̀kì ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wa bọ́ọ̀tù wá, bàbá kan báyìí tó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, ló dá wọn lóhùn. Ó ti ń gbọ́ wọn láti ìgbà yẹn, abẹ́ ibòòji ló jókòó sí, ó ń jẹ búrẹ́dì. "Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, omi ọ̀sà lẹ̀ ń wọ̀n yẹn. Ṣé ẹ ò rí àwọ̀ ẹ̀ ni? Omi ń jáde." Ó na ìka sí i. Gbogbo wa wò ó. Omi tó wà lọ́dọ̀ wa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ewé water hyacinth tó máa ń léfòó ń gbá kọjá lọ síta ní kọ̀ọ̀kan kọ̀ọ̀kan, tó o bá wá wo ọ̀ọ́kán níwájú, ìlà ìfóófò gígùn kan wà lójú omi, lẹ́yìn ìlà yẹn omi dúdú bí aró ni. Èmi náà ti rí i láàárọ̀ kí bàbá tó sọ ọ́. Àwọn ọmọ ni ò tíì wo iwájú láti ìgbà tá a ti débẹ̀, òkúta ni wọ́n ń wò.

"Ẹ jẹ́ kó di aago méjì," bàbá ní, "kẹ́ ẹ tún wá wọ̀n ọ́n."

Tíṣà ní àmọ́ ṣebí omi ti fà tán láti bíi aago mọ́kànlá, ó yẹ kó ti máa wọlé padà. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ohun tó mọ̀ látinú wíwa ọkọ̀ ni pé omi lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga lẹ́nu òkun kí tinú ọ̀sà ṣì máa sáré jáde, torí ọ̀sà fẹ̀, ẹnu tó fi ń tú jáde sì há, kò lè yí padà wàrà. Ó ní ìyẹn ló ń dójú ti àwọn tó bá ń ka ìwé tàìdì láìwo omi.

Ọmọ yẹn bá yí sí mi: "Ańtí, tó bá jẹ́ pé omi ọ̀sà ló wà lókè, ibo lomi òkun wà?" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Mo ní òun náà ṣe rò ó. Ó ronú, ó ní omi iyọ̀ wúwo ju omi tí ò níyọ̀ lọ, wọ́n ti ṣe ti ẹyin tó ń léfòó nínú omi iyọ̀ ní JS, bóyá ó wà nísàlẹ̀. A ní ìgò kan tá a máa ń lò, òkúta la so mọ́ ìdí ẹ̀ kó lè rì, okùn kan so mọ́ ìgò, okùn kejì so mọ́ ìdérí, tó bá dé ìsàlẹ̀ wàá fa ìdérí yẹn yọ, omi ìsàlẹ̀ á wọnú ẹ̀. Bàbá fi bọ́ọ̀tù gbé ọmọ yẹn, tíṣà àti èmi lọ síwájú díẹ̀, ó ju ìdákọ̀ró. Ọmọ fúnra ẹ̀ ló sọ ìgò sílẹ̀, òun ló fa okùn. Nígbà tá a gbé e sókè, ọwọ́ tíṣà ló kọ́kọ́ na sí refractometer.

30.

Òkè 16, ìsàlẹ̀ 30. Tíṣà tún un wò. Ó ní, "Ìyá ẹ̀ ńkọ́!" Ó gbàgbé pé ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ọjọ́ náà la ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Òkúta kékeré kan wà tí barnacle lẹ̀ mọ́, tẹ́ ẹ lè fọwọ́ kan gbé. A gbé e sínú ike, a da omi òkè sí i, a dúró. Kò ṣí. Gbogbo wọn ti ilẹ̀kùn pa. Àwọn ọmọ ti ń ráhùn. A da omi yẹn nù, a wá da omi ìsàlẹ̀ tó jẹ́ 30 sí i, a gbé e síbòòji. Ó pẹ́ díẹ̀ o, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ wo bọ́ọ̀lù, ọmọ yẹn ò kúrò nídìí ẹ̀. Lójijì ló pariwo. Ọ̀kan ti ṣí ẹnu ẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ tín-ín-rín tín-ín-rín yọ jáde, ó nà án, ó ká a, ó fà á wọlé, ó tún nà án. Lẹ́yìn ẹ̀, èkejì. Lẹ́yìn ẹ̀, gbogbo wọn. Ẹ̀dá tí ò lójú tó fi ń ka refractometer mọ ìyàtọ̀ omi méjèèjì, ṣe ló máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí nígbà tí omi ọ̀sà bá ń kọjá, á ní sùúrù títí omi òkun á fi dé.

A jẹun. Nídìí ìrẹsì ni tíṣà ti bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé 35 inú ìwé kì í ṣe òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni, àròpọ̀ tí wọ́n pín dọ́gba fún gbogbo òkun àgbáyé ni, bí i gíráàmù 35 nínú kílò omi kan. Àmọ́ Baltic lókè Yúróòpù lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi 7 lọ, Red Sea tó wà níbi tóòrùn ti ń mú gan-an lè tó 40. Ọ̀sà tiwa ò dúró sójú kan rárá. Odò Ògùn ń tú sínú ẹ̀, àwọn odò míì ń tú sí i, September sí October ni wọ́n sì máa ń kún jù, gbogbo omi yẹn, ẹnu Èkó ló máa gbà jáde. Tó bá di February àti March tí òjò ti dá, omi òkun á wá máa wọlé gan-an, apá ọ̀sà tó sún mọ́ ẹnu òkun á níyọ̀. Ewé water hyacinth yẹn fúnra ẹ̀ lẹ̀rí, láti apá Benin ló gbà wọ odò Badagry ní 1984, láti ìgbà náà ló ti ń dààmú àwọn apẹja, ìgbà òjò ló máa ń gbilẹ̀, tí iyọ̀ bá ti wọlé lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ á kú. Ìyá tó ń ta ẹja ní Mákòókò mọ gbogbo èyí láì ka bayólójì, ó mọ ìgbà tí ẹ̀fọ̀lọ̀ máa pọ̀ àti ìgbà tó jẹ́ ẹja odò ló máa kún àwọ̀n.

Mi ò ní kẹ́ ẹ rí tíṣà yìí bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan o, ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀ náà. Ó ní òun ń kọ́ wọn fún WAEC, ìbéèrè á béèrè iyọ̀ omi òkun, ẹni tó bá kọ 16 ti fèlì, ta ló máa wá ṣàlàyé October fún ẹni tó ń máàkì? Mi ò rí èsì gidi fún un. Mo kàn ní ọ̀tọ̀ ni ìwé ẹ́sàmù, ọ̀tọ̀ ni ìwé fíìlìdì, ó ní ó rọrùn fún èmi láti sọ, èmi kọ́ ni àwọn òbí máa wá bá ní ọ́fíìsì nígbà tí rìsọ́ọ̀tì bá jáde.

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni bàbá pè wá. Ewé tó ń gbá síta láàárọ̀ ti ń padà wọlé, ìlà ìfóófò ti sún mọ́ òkúta, omi ti gun orí ìlà mussel, ó ń fọwọ́ kan barnacle. Ọmọ bù ú níbi tó ti bù ú tẹ́lẹ̀. 26. Tíṣà bá pàtẹ́wọ́, ó pe gbogbo wọn jọ, ó ní kí gúrúùpù kọ̀ọ̀kan fa ìlà sí i nínú téébù wọn, kí wọ́n kọ aago, kí wọ́n kọ bóyá omi ń jáde tàbí ó ń wọlé, kí wọ́n kọ bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀. Ó wá fi kún un pé òun mọ̀ láti àárọ̀, òun kàn fẹ́ wo ẹni tó máa lè dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, bàbá oníbọ́ọ̀tù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn, mo rò pé ó parí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ọmọ yẹn gba fóònù ìyá ẹ̀, ó fi fọ́ọ̀tò rípọ́ọ̀tì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, 18 nínú 20, ó sì fi ohùn tẹ̀lé e, ohùn tó ń gbóná. Ó ní tíṣà yọ máàkì òun torí pé òun kọ 16, 30 àti 26 láìkọ yúníìtì sí i lára, bẹ́ẹ̀ òun ti kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé láti 1978 tí wọ́n ti ṣe òdiwọ̀n tuntun, iyọ̀ òkun kì í ní yúníìtì mọ́, ṣé kí òun gbé e lọ bá tíṣà? Mo ní òótọ́ lohun tó kà, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná láti fi wọn omi ni òdiwọ̀n yẹn wà fún, kì í ṣe ohun tí a lò. Mo ya fọ́ọ̀tò ojú refractometer mi fún un, àmì ‰, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, wà níbẹ̀ gbàǹgbà lókè nọ́mbà. Máàkì méjì yẹn, tíṣà ló jàre. Kò tíì dá mi lóhùn.